Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Àbújá: àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹni ogójì ọdún ló kàn

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àti bàbá ìsàlẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Yorùbá tó wà ní Àbújá, láti Kubwa dé Nyanya, láti Lugbe dé Gwagwalada, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìpàdé ní Mararaba lọ́hùn-ún nítorí owó ilé Àbújá tó ti kọjá agbára: ẹ kú ìpàdé, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àmójútó àwa ọmọ yín lẹ́yìn odi.

Òṣìṣẹ́ láàbù ni mí. Èmi ni ẹni tó ń di rọ́bà mọ́ yín lápá, tó ń wá iṣan, tó ń ní kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ kí ẹ tún tú u. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà yìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń ṣe fún àwọn àgbà lọ́dọọdún, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó jókòó sórí àga yẹn jù lọ kì í sí níbẹ̀, ohun tó sì yẹ ká wò lára wọn, a kì í wò ó. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, àti ohun tó ń fi iyè ènìyàn ṣe bí ọjọ́ bá ń lọ.

Gbogbo wa la mọ bí àyẹ̀wò ọ̀hún ṣe máa ń lọ. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, alága á ní kí nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ síwájú. Nọ́ọ̀sì á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá sórí tábìlì, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún á tò lórí àga oníke. Wọ́n á wọn ìfúnpá, wọ́n á gún ìka fún ṣúgà, wọ́n á kọ nọ́ńbà méjì sórí bébà pélébé, ó parí. Ìrẹsì inú ike ló kù, pẹ̀lú ẹran màlúù tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ẹni ogójì sí márùndínlọ́gọ́ta ọdún, àwọn tó ń dá owó gan-an, ìta ni wọ́n wà nídìí ọkọ̀, wọ́n ń tẹ fóònù. Wọ́n ní ti àwọn àgbà lèyí. Àwọn gan-an ni lẹ́tà mi ń wá kiri.

Ìdí rèé. Lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ lórí àrùn ìgbàgbé tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ tún àkójọ wọn ṣe. Àkójọ àwọn nǹkan tó ń ti ènìyàn sínú àrùn náà, tí apá wa sì lè ká, ni. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kà lọ́dún 2017, ó di 12 lọ́dún 2020, ó wá di 14 lọ́dún 2024. Méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ojú tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ ogbó láìsí ìtọ́jú, àti LDL tó ga kí ènìyàn tó pé ọdún 65. LDL ni ẹ̀yà kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó ń ṣẹ́ jọ sára iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìṣirò wọn ni pé bí ayé bá lè mú gbogbo nǹkan 14 yìí kúrò pátá, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àrùn ìgbàgbé ń mú, nǹkan bíi 45 ni kò bá ti mú, tàbí kó pẹ́ gan-an kó tó mú wọn. LDL nìkan kó 7 nínú 45 yẹn. Etí dídi nìkan ló bá a dọ́gba. Ìfúnpá kó 2, ṣúgà kó 2. Ohun méjì tí à ń wò nípàdé kó 4 lápapọ̀, ohun tí a kì í wò kó 7. Mi ò ní kí ẹ pa ìfúnpá tì o. Rọpárọsẹ̀ kì í dúró de ìṣirò ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní kí ẹ fi ìkejì tì í ni.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló kan ẹni ogójì ọdún nínú àìsàn àgbà. Ó kàn án gidi. Ní California, àwọn olùwádìí padà lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní 9,800, tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárín 1964 sí 1973, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ogójì sí márùndínláàádọ́ta ọdún. Wọ́n wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ kálukú já sí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn ga nígbà náà lọ́hùn-ún ni àrùn Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù, mú jù. Àwọn tí tiwọn kàn ga díẹ̀ pàápàá kò lọ lófo: irú àrùn ìgbàgbé tó ń ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ wá pọ̀ láàárín wọn.

Ní Hawaii, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọkùnrin ìran Japan fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì bá nǹkan tó yàtọ̀ pàdé. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn tí àrùn ìgbàgbé máa mú ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, láìloògùn, ó kéré tán ọdún 15 kí àrùn náà tó hàn síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun ló sọ ètò àyẹ̀wò wa di ohun tó ń wo ibi tí kò yẹ.

Mo máa ń rí i. Ìyá kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún á wọlé, ọmọ wọn á dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n ti ń pe ọmọọmọ kan ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, bùbá ti tóbi mọ́ wọn lára. Èsì á jáde, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù 3.6. Ọmọ á fò fáyọ̀: "Mọ́mì, ẹ ò ní nǹkan kan, ọ̀rá yín ò ga rárá!" Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn kò sọ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan wọn nígbà tí wọ́n wà ní àádọ́ta ọdún. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé rírù tí wọ́n ń rù àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ délẹ̀ mọ́ ló fà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó gbà lọ, kì í ṣe ilé. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ìyá tó ń gbàgbé nǹkan, tí òtútù ń mú nínú ooru Àbújá, tí gbogbo ìrìn wọn ti falẹ̀, tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn wá ga fíofío. Kí wọ́n yẹ thyroid inú ọrùn wọn wò. Bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, òun nìkan lè gbé ọ̀rá sókè kó sì fa ọpọlọ sẹ́yìn, oògùn rẹ̀ sì wà, kì í ṣe ọ̀wọ́n. Mo ti rí ìdílé tó ti ń pín ìyá wọn káàkiri ilé àdúrà nítorí irú èyí, tí àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ àjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀.

Ẹ óò ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ń yí ká lórí WhatsApp, pé ọ̀rá ni ọpọlọ, nítorí náà ẹni tó bá ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù, ọpọlọ ara rẹ̀ ló ń pa. Ààbọ̀ òótọ́ ni. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ó sì tó ìdá 20 nínú 100 kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù gbogbo ara tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Ààlà wà láàárín àwọn méjèèjì tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ kò lè ré kọjá. Ọpọlọ ń ṣe èyí tó ń lò fúnra rẹ̀. Ọ̀rá tí ẹ jẹ lálẹ́ àná kò lọ tún iyè kankan ṣe. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí ló ń lẹ̀ mọ́, àyè á máa dín kù, ẹ̀jẹ̀ á máa fà díẹ̀díẹ̀, ibì kékeré kékeré nínú ọpọlọ á máa kú láìsí ẹnu yíyí, láìsí ẹsẹ̀ wíwọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá tó ti wakọ̀ láti Àbújá lọ sí Ìlọrin lóru rí kò ní mọ ọ̀nà ilé láti ọjà Wuse.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé á ti máa rántí pé ìwádìí kan wà tó ní àwa Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn ìgbàgbé. Òótọ́ ni, ìwádìí náà wà, ó sì yẹ ká fi yangàn. Lọ́dún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun ṣíwájú, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọ àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bá gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 65 sọ̀rọ̀. Irú ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀ṣuntókun kú lọ́dún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé iṣẹ́ náà lọ. Lọ́dún 2001, èsì jáde. Láàárín àwọn Yorùbá 2,459 tí wọ́n tẹ̀lé, ìdá 1.35 nínú 100 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, ìdá 3.24 ni. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn babańlá kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹ̀ wá. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìdíkàn náà kéré sí tàwọn ará ọ̀hún.

Ibi tí àwọn ènìyàn ń ka ìwádìí náà dé nìyẹn, wọ́n á ti ìwé pa. Ó ní apá kejì. Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ olùwádìí kan náà tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá wọ̀nyẹn jáde. Àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó jẹ́ pé láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tó bá jogún rẹ̀ wà nínú ewu Alzheimer ju ẹlòmíràn lọ. Nínú àwọn ará Ìdíkàn tí kò ní àbùdá yìí, bí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ṣe ń gòkè, bí LDL ṣe ń gòkè, ni ewu Alzheimer ń bá a gòkè. Nínú àwọn tó ní i, ọ̀rá kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn. Ìyẹn ni pé ààbò tí àwọn bàbá wa ní kì í ṣe nǹkan tí wọ́n fi sínú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá láti ọ̀run. Lára àwọn tí oúnjẹ wọn kò lọ́ràá, tí ẹsẹ̀ wọn ni mọ́tò wọn, tí wọ́n ń gbé láàárín ẹbí láti àárọ̀ dalẹ́ pàápàá, ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ bá yọ sókè, ewu rẹ̀ ń yọ sókè. Ìdíkàn 1992 sì kọ́ ni Kubwa lónìí. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́ fún ara wa, Indianapolis la jọ jù báyìí.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni olú-ìlú kúrò ní Èkó wá síbí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí mò ń kọ̀wé sí bá ilé iṣẹ́ ìjọba wá ní àkókò yẹn, pẹ̀lú àpótí kan àti ìyàwó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà ti kọjá ọgọ́ta, ó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọdún àárín yẹn gan-an ni LDL fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sì wo bí a ṣe lò wọ́n: orí àga ní Federal Secretariat, inú ọkọ̀ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Nyanya, òde ní gbogbo Sátidé, àti ìdí iná mai suya lálẹ́ Fúráìdé.

Ẹ jẹ́ ká dúró nídìí iná yẹn díẹ̀. Mai suya á ti gbé ọ̀bẹ, á bi yín léèrè, ẹ óò ní kó fi tozo sí i. Iké ẹ̀yìn màlúù ni tozo, ọ̀rá ló kún inú rẹ̀. Á gé e wẹ́wẹ́ mọ́ ẹran, á bu òróró ẹ̀pà sí i kó lè ta sàsà lórí iná, á wọ́n yájì lé e, á gé àlùbọ́sà sí i, á fi ìwé ìròyìn wé e. Ìwé náà á ti rin gbingbin kí ẹ tó dé ìdí ọkọ̀. Mi ò bá ẹran tí kò lọ́ràá jà, mi ò sì bá òróró ẹ̀pà jà, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ẹ̀pà kì í ṣe irú tó ń gbé LDL sókè. Tozo ni mò ń bá jà. Bọ́tà Fúlàní tí a ń dà sórí tuwo náà wà níbẹ̀, àti ṣàkì, àbọ́dí àti gbogbo inú ẹran olọ́ràá tí ẹ̀rí ọkàn wa kì í gbà kí a fi sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ òde. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn tó ti jáwọ́ nínú ẹyin nítorí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń jẹ tozo. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ara, ọ̀rá ẹran àti ọ̀rá tó ń dì ló sì ń mú LDL ga ju ẹyin lọ. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kankan nínú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó ń dì, nítorí náà ìwọ̀nba ni. Àti pé òróró tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, kò sí òróró tí a ti ara ewéko fún tó ní i. Ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó lẹ́bẹ́ẹ̀lì yẹn.

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ tán, a máa ń jẹ́ kó dì, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kíkankíkan, pupa á sọ̀kalẹ̀, omi rẹ̀ á wà lókè. Láàárọ̀ Mọ́ńdé, lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ tí òde pọ̀, mo máa ń rí omi tó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa á pariwo pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rèé. Òun kọ́. Triglyceride ló ń fún un ní funfun, ọ̀rá mìíràn ni, oúnjẹ àná sì lè fà á. Omi ẹ̀jẹ̀ tí LDL rẹ̀ ga sábà máa ń mọ́ gaara ni, kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Kì í fọ́ni lórí, kì í kọ́ni ní òòyì. Ẹni tín-ín-rín ń ní in. Ẹni tó ń sáré ní Millennium Park láràárọ̀ lè ní in, torí ìdílé mìíràn ń jogún rẹ̀ ni. Àyẹ̀wò ni yóò sọ.

Bí ẹ bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ tẹ̀lé nọ́ńbà. Bàbá kan gbé ìwé méjì wá bá mi tayọ̀tayọ̀. Ní láàbù àkọ́kọ́, 190 ni wọ́n kọ. Ní ìkejì, lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ti ń mu àgbo tí wọ́n rà nínú bọ́ọ̀sì, 4.9. Wọ́n ní àgbo ti fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn. Nọ́ńbà kan náà ni. Láàbù kan fi ìwọ̀n mg/dL kọ tirẹ̀, èkejì fi ìwọ̀n mmol/L kọ tirẹ̀, ẹ óò sì fi nǹkan bíi 38.7 pín àkọ́kọ́ kó tó di èkejì. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀ tí kò bá tó 5.2 mmol/L, tàbí 200 mg/dL, ni a ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n LDL ni kí ẹ béèrè, ẹni tó bá sì ti ní ṣúgà tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kàn rí, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Dókítà ló máa sọ iye.

Ní ti oògùn statin, èyí tí wọ́n fi ń mú LDL wálẹ̀, mo mọ̀ pé ìbéèrè á pọ̀. Ó dájú pé ó ń dín àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù, rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń kó iyè lọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n fi pravastatin, ọ̀kan lára àwọn statin, ṣe fún àwọn ẹni ọdún 70 sí 82, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, kò rí i pé oògùn náà dá iyè wọn dúró láàárín bí ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi lò ó. Lójú tèmi, ohun kan náà tí mò ń sọ láti òkè ni ìyẹn ń sọ: ìgbà ara là ń búra. Àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà tún fi kún ìwé oògùn náà lọ́dún 2012 pé àwọn kan máa ń ṣàròyé ìgbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń lò ó. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń lọ bí wọ́n bá dá a dúró. Ẹni tó bá kíyè sí irú rẹ̀, kó lọ sọ fún ẹni tó kọ oògùn fún un. Dídá oògùn dúró nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ni mi ò fara mọ́.

Nǹkan kan tún wà nínú àkójọ 14 yẹn tó kan ẹgbẹ́ ju láàbù lọ. Ìdánìkanwà kó 5. A máa ń lọ gbé ìyá wa láti Òṣogbo tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí kí wọ́n lè bá wa wo ọmọ. Wọ́n fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wọn, àti ìsọ̀ wọn sílẹ̀. Wọ́n bọ́ sínú fúláàtì ní Gwarinpa, géètì tì, tẹlifíṣọ̀n ń sọ òyìnbó, ọmọ-ọ̀dọ̀ ń sọ Haúsá, àwọn ọmọọmọ ń fi òyìnbó dá wọn lóhùn, a ò sì ní wọlé títí aago mẹ́jọ alẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀ a ó ní mọ́mì ti ń ṣarán. Bí ẹgbẹ́ bá lè ya ọ̀sán Ọjọ́rú kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá wọ̀nyí, kí bọ́ọ̀sì kan kó wọn jọ, kí wọ́n kàn jókòó kí wọ́n máa fi Yorùbá bú ara wọn, ẹ óò ti ṣe ohun tí láàbù mi kò lè ṣe láéláé.

Láti ọ̀dọ̀ láàbù, èyí ni mo lè ṣe. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ṣe tán láti wá síbi ìpàdé yín láìgbowó iṣẹ́ kankan. Owó kẹ́míkà tí a fi ń ṣe tẹ́ẹ̀sì nìkan ni ẹgbẹ́ máa san. Kí ẹ tó pè wá, ẹ yí ètò padà: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti pé ogójì ọdún ni kó kọ́kọ́ tò, alága àti akọ̀wé níwájú wọn, kí a tó dé orí àwọn àgbà. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹun wá. Fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò pọn dandan mọ́, òun ló sì ń lé ìdajì ènìyàn sá. Ẹni tí triglyceride rẹ̀ bá ga gan-an la máa ní kó padà wá lófìfo inú. A kò ní ka èsì ẹnikẹ́ni sókè nínú ìpàdé. Inú àpòòwé la máa fi sí, orúkọ olówó rẹ̀ lára. Ẹ wá dókítà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò jókòó nínú yàrá kejì, tí yóò ṣàlàyé fún kálukú bó ṣe ń gba tirẹ̀. Ní ti àwọn àgbà, yàtọ̀ sí ìfúnpá àti ṣúgà, kí dókítà ọ̀hún bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iyè wọn, kó bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn náà, kó sì dán etí wọn wò.

A ó nílò tábìlì méjì, àga tó ní ọwọ́, yàrá tí fáànù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí a ti lè fi ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ sí iná. A ó gbé yìnyín wa dání. Sátidé kejì oṣù ló rọrùn fún wa jù, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ka iye orúkọ tó ti pé ogójì nínú ìwé ẹgbẹ́ kó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí kẹ́míkà yẹn kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, mi ò sì fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ ṣòfò.

Èmi ni ọmọ yín,
òṣìṣẹ́ láàbù kan ní Kubwa, Àbújá.